Ìpẹtà Lára Bọ́dì Ọkọ̀: Bí Ó Ṣe Ń Ṣẹlẹ̀, Bí Wọ́n Ṣe Ń Dènà Rẹ̀, àti Àwọn Ọ̀rọ̀ tí Ó Yẹ Ẹ́ ní Yorùbá

Bí àgbẹ̀ kan bá gbàgbé àdá sí oko nígbà òjò, tí ó sì rí i lẹ́yìn oṣù kan, ohun tí yóò sọ nípa rẹ̀ kò ní jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnì kan yóò ní àdá náà ti dógùn-ún. Ẹlòmíràn yóò ní ó ti dípẹtà. Ẹni tí Bíbélì mọ́ lára yóò sì rántí ìpáàrà, èyí tí àwọn olùtumọ̀ dárúkọ pọ̀ mọ́ kòkòrò nínú Ìhìn Rere Mátíù. Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì, ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ènìyàn yóò gbọ́. Ohun tí panẹ́lì-bítà yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀ ni pé, "Ọ̀gá, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn yìí ti jẹ." Yorùbá tí ó yè kooro ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí èdè yóò dàrú mọ́ lójú, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dé kíláàsì sáyẹ́ǹsì tàbí iwájú olùtumọ̀ tí wọ́n ní kí ó fi Yorùbá kọ ìwé ìtọ́jú ọkọ̀.

Níbẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Páànù orí ilé a máa yọ funfun kí ó tó yọ pupa. Ṣé funfun yẹn náà ni ìpẹtà? Ìkòkò alumíníọ̀mù a máa pàdánù dídán rẹ̀. Ṣé òun náà dógùn-ún ni? Bí wọ́n bá sì ní ìpẹtà jẹ irin, ta ni olùjẹ níbẹ̀, kí sì ni ohun jíjẹ? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ èdè nìkan. Ẹni tí ó bá gbà pé ìpẹtà jẹ́ ohun kan tí ó ti ìta wá bà lé irin, bí eruku, yóò gbà pé ọ̀dà tuntun tó láti bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá sì kùn lọ́nà bẹ́ẹ̀ lè máa dán bíi dígí lójú pópó nígbà tí irin tí bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́ ti di hẹ́rẹhẹ̀rẹ nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò péye lè pa ènìyàn.

Ohun tí ìpẹtà jẹ́

Láyé àtijọ́, àwọn tí ń yọ́ irin ní ilẹ̀ Yorùbá a máa wa òkúta tí irin wà nínú rẹ̀, wọn a kó o sínú iléru pẹ̀lú èédú, wọn a sì máa fẹ́ ẹwìrì sí i títí irin yóò fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìdàrọ́. Iṣẹ́ tí èédú ń ṣe nínú iná náà ni pé ó ń gba ọ́síjìn tí ó wà nínú òkúta kúrò lára irin. Òdì kejì iṣẹ́ yìí ni ìpẹtà. Irin ń gba ọ́síjìn rẹ̀ padà, ó sì ń gba omi mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí àwọ̀ ìpẹtà fi jọ ti ilẹ̀ pupa àti ti ọ̀pọ̀ òkúta irin: ìbátan tímọ́tímọ́ ni wọ́n. Agbára iná ńlá ni wọ́n fi mú irin kúrò ní ipò tí ó wà nínú ilẹ̀. Láti ìgbà tí ó bá ti tutù ni ó ti ń wá ọ̀nà àtipadà síbẹ̀.

Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì mọ àyẹ̀wò ìṣó mẹ́ta dáadáa. Wọn yóò fi ìṣó kan sínú ìgò omi tí wọ́n ti sè, wọn yóò sì da òróró lé omi náà lórí kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú rẹ̀. Wọn yóò fi èkejì sínú ìgò gbígbẹ tí ohun tí ń fa ọ̀rinrin mọ́ra wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó fi ìdérí dé e. Ẹ̀kẹta ni wọn yóò fi sínú ìgò tí omi kò kún, tí ẹnu rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Ìṣó kẹta nìkan ni yóò dípẹtà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Omi nìkan kò tó, afẹ́fẹ́ nìkan kò tó.

Ìwé kíkà tí ó bá wá kọ ọ́ pé "omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń fa ìpẹtà" kò parọ́, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan pamọ́. Afẹ́fẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé mọ̀ ni èyí tí ń fẹ́ tí ewé ń mì. Yóò rò pé bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́, bí abẹ́ tapólì, ewu ti kọjá. Òdì kejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́, nítorí tapólì tí ó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ tí kò tíì gbẹ a máa há ọ̀rinrin mọ́ ọn lára. Ọ́síjìn, tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́, ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, yálà afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tàbí kò fẹ́. Àyálò ọ̀rọ̀ ni ọ́síjìn, kò sì sí ìdí tí olùkọ́ fi níláti tijú lílò ó. Láti ọdún 1970 tí ètò Ifẹ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti hàn pé ọmọdé kì í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tuntun tí ó bá ti ní ohun kan pàtó tí ó ń tọ́ka sí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe náà, jẹ, ni ó gba àròjinlẹ̀ jù. Nígbà tí panẹ́lì-bítà bá ní ilẹ̀kùn "ti jẹ", kò dárúkọ olùjẹ kankan. Gbólóhùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní aṣọ ti gbó tàbí igi ti rà. Gbólóhùn tí ó péye ni. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá yí i sí "ìpẹtà ti jẹ ilẹ̀kùn", ó ti sọ ìpẹtà di kòkòrò. Ìpẹtà kò jẹ nǹkan kan. Irin tí ó ti jẹ tán ni wọ́n ń pè ní ìpẹtà, bí eérú ti jẹ́ igi tí ó ti jó tán. Kò sì sí ẹni tí ń sọ pé eérú jó igi. Ibì kan ṣoṣo ni àfiwé yìí kò ti bá a dé. Eérú kì í mú kí iná ràn sí i, ṣùgbọ́n ìpẹtà a máa fa omi mọ́ra bíi kànrìnkàn, tí irin tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò fi ní í gbẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí kò pa á. Ilé ni ó kọ́ fún un.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ni pé ìpẹtà ń gba àyè ju irin tí ó ti ara rẹ̀ jáde lọ, ó tó ìlọ́po 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí ni ó ń mú kí ọ̀dà wú bí ẹni pé iná ta á lára, kí ó tó bó. Ìwúlé kékeré tí ènìyàn ń rí lójú ọ̀dà kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àárín rẹ̀ ni. Alumíníọ̀mù yàtọ̀ pátápátá. Òun náà ń darapọ̀ mọ́ ọ́síjìn, kódà ó yára ju irin lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń yọ lójú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́, ó sì ń bo ìyókù mọ́lẹ̀. Irin kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìpẹtà rẹ̀ ń ṣí, ó ń já bọ́, ó sì ń fi irin mìíràn hàn fún omi.

Láti inú àlàyé yìí ni ìpín ọ̀rọ̀ tí ó bójú mu ti lè jáde. Ìpẹtà àti dípẹtà ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún irin nìkan, fún èérún pupa tí omi àti ọ́síjìn ń mú jáde lára rẹ̀. Kì í ṣe pé dógùn-ún kò dára. Àwọn tí ń sọ ọ́ kò ní í ṣíwọ́, kò sì yẹ kí wọ́n ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó dá dúró fún èérún náà ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àwọn tí ń lò ó, nígbà tí ìpẹtà jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ láti ìpìlẹ̀, tí ó rọrùn láti ṣẹ̀dá ìdípẹtà, adènà-ìpẹtà àti àìdípẹtà láti ara rẹ̀. Fún ohun tí ó kan gbogbo mẹ́táàlì, tí ìpẹtà irin jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ni ìjẹrun, láti ara jẹ àti run tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ìjẹrà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí nítorí pé ti ẹran àti èso ni, tí kòkòrò àìfojúrí ń fà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí olùtumọ̀ yé fi irin pe gbogbo mẹ́táàlì. Bí bàbà, òjé àti sínkì bá ń jẹ́ irin nínú ìwé kan náà, kò sí bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe mọ èyí tí ń dípẹtà nínú wọn.

Iná kékeré nínú ẹ̀kán omi

Ìdípẹtà kì í ṣe pípàdé omi àti irin lásán. Ìṣàn iná mànàmáná kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, Ulick Evans, onímọ̀ ìjẹrun mẹ́táàlì ní Yunifásítì Kémbíríìjì, fi ẹ̀kán omi iyọ̀ kan ṣoṣo lórí irin dídán ṣàlàyé rẹ̀. Ó fi àwọn èròjà tí ń yí àwọ̀ padà sínú omi náà. Àárín ẹ̀kán omi yọ aró, èyí tí ó fi hàn pé ibẹ̀ ni irin ti ń yọ́ sínú omi. Etí rẹ̀ yọ àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ́síjìn ti ń rí ọ̀nà wọlé ní ìrọ̀rùn. Ìpẹtà fúnra rẹ̀ hù láàrin méjèèjì bí òrùka.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú àbájáde yìí ni pé ibi tí ọ́síjìn ti ṣọ̀wọ́n ni irin ti ń jẹ, kì í ṣe ibi tí ó ti pọ̀. Irin tí ó wà ní àárín ń jọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí ń gba inú irin kọjá lọ sí etí, níbi tí ọ́síjìn àti omi ti ń gbà wọ́n. Ẹni tí ó bá lóye èyí ti lóye ìdí tí ọkọ̀ fi ń jẹ lábẹ́ ẹrẹ̀ tí ó gbẹ mọ́ mọ́dígáàdì, láàrin páànù méjì tí wọ́n jó pọ̀, lábẹ́ rọ́bà etí gíláàsì iwájú, àti lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí omi òjò wọ̀. Ibi ìkọ̀kọ̀ ni gbogbo wọn, níbi tí omi wà ṣùgbọ́n tí ọ́síjìn kò tó.

Orúkọ ojú méjèèjì yìí ti fa ìdàrúdàpọ̀ fún ọ̀pọ̀ olùtumọ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀lé àmì orí bàtìrì, tí wọ́n pe ọ̀kan ní ojú òdì, tí wọ́n sì pe èkejì ní ojú èrò tàbí orúkọ mìíràn tí ó jọ ọ́, wọn yóò ṣìnà ní ojú ìwé kejì, nítorí pé àmì náà a máa yí padà. Níbi tí ìṣàn iná ti ti ara irin fúnra rẹ̀ wá, ojú tí ó ń jẹ ni ó ní àmì àyọkúrò. Níbi tí wọ́n bá ti fi iná láti ìta ṣe iṣẹ́, ojú kan náà ni yóò ní àmì àròpọ̀. Ohun tí kì í yí padà ni iṣẹ́ tí ojú kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ojú ìpàdánù ni èyí tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń kúrò. Ojú ìgbàwọlé ni èyí tí wọ́n ti ń gbà wọ́n. Ojú ìpàdánù ni irin ti ń jẹ.

Iyọ̀ kò sí lára ohun tí ń di ìpẹtà, síbẹ̀ òun ni ó ń mú kí iṣẹ́ náà yá, nítorí pé omi tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ kí iná ṣàn ju omi lásán lọ. Ní Bẹ́ljíọ̀m, Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà àti àríwá Amẹ́ríkà, wọn a máa da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Omi tí iyọ̀ kún inú rẹ̀ dáadáa kì í dì títí òtútù yóò fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 21 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Omi iyọ̀ yìí ni táyà ń fọ́n sí abẹ́ ọkọ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti èbúté Antwerp wọ Kútọnú, tí ó sì ń di tòkúnbọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn kan gbà pé bí ọkọ̀ bá ti kúrò nínú òtútù, ìpẹtà rẹ̀ ti dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ṣì wà nínú ojú ibi tí wọ́n ti jó páànù pọ̀, ó ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ooru sì ń mú kí ìjẹrun yára sí i ni. Ẹni tí ó ra tòkúnbọ̀ ti ra iyọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé sí etí òkun ní Badagry, Lẹ́kìí, Kútọnú tàbí Lomé tún ń gba tirẹ̀ kún un láti inú afẹ́fẹ́ òkun, èyí tí ọkọ̀ ará Ìbàdàn kò mọ̀ rárá.

Sínkì, àti ìdí tí kì í fi í ṣe ẹbọ

Ní ọdún 1824, Humphry Davy gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn pé kí wọ́n so irin tàbí sínkì mọ́ bàbà tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi wọn, kí omi òkun lè máa jẹ irin tàbí sínkì náà dípò bàbà. Ó ṣiṣẹ́. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bàbà tí kò jẹ mọ́ kò tú májèlé sínú omi mọ́, ni ewéko àti ìṣáwùrú òkun bá bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí eré wọn sì dínkù. Ní ọdún 1837, Stanislas Sorel gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Faransé lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ri irin bọ inú sínkì yíyọ́. Sínkì ń yọ́ ní ìwọ̀n 419 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, nǹkan bí 450 sì ni ìgbóná agbada tí wọ́n ń rì í sí. Páànù tí ó wà lórí ilé láti Abẹ́òkúta dé Ilọrin, ọmọ iṣẹ́ yìí ni.

Orúkọ Luigi Galvani ni àwọn Òyìnbó fi ń pe iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọdún 1798 ni Galvani ti kú, ara ọ̀pọ̀lọ́ ni ó sì ti ń wádìí iná mànàmáná. Olùtumọ̀ tí ó bá yá orúkọ náà wọ Yorùbá yóò gbé ìtàn kan wọlé tí kò sọ nǹkan kan fún akẹ́kọ̀ọ́. Wíwọ̀ ní sínkì sàn jù ú lọ: irin tí wọ́n wọ̀ ní sínkì, irin aláṣọ-sínkì. Ó gba rírì, ó gba fífi iná mànàmáná lẹ̀ ẹ́, kò sì tọ́ka sí ọ̀kan ju èkejì lọ.

Ṣùgbọ́n aṣọ nìkan kọ́ ni sínkì jẹ́, ibi tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọ̀dà wà sì nìyí. Bí nǹkan bá ha ọ̀dà títí ó fi dé irin, ojú àpá náà ni ìpẹtà yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa wọ abẹ́ ọ̀dà lọ lọ́tùn-ún lósì. Bí nǹkan bá ha sínkì, irin tí ó hàn kò ní í jẹ, nítorí pé sínkì tí ó yí i ká di ojú ìpàdánù, irin sì di ojú ìgbàwọlé. Sínkì ń jọ̀wọ́ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìrọ̀rùn ju irin lọ. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń lò, fóltì 0.76 nísàlẹ̀ òdo ni ti sínkì, 0.44 nísàlẹ̀ òdo ni ti irin. Tánganran tí wọ́n fi bo ara agolo wà ní ìhà kejì irin, ìdí sì nìyí tí agolo tí ó bá ti ní àpá fi ń yára lu ju irin tí a kò fi nǹkan bò lọ. Funfun tí ń yọ lórí páànù ilé, ìjẹrun sínkì ni, kì í ṣe ìpẹtà. Ìgbà tí pupa bá yọ ni kí onílé mọ̀ pé sínkì ti tán níbẹ̀.

Àwọn Òyìnbó fi ìrúbọ ṣe àpèjúwe iṣẹ́ yìí, ó sì ń dán olùtumọ̀ wò láti kọ "sínkì ẹbọ". Ẹbọ ní ẹni tí ń rú u, ó ní ẹni tí wọ́n ń rú u sí, ó sì ní ìdí tí wọ́n fi rú u. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbí. Ohun tí sínkì ṣe ni pé ó fi ara rẹ̀ jìn kí irin má baà jẹ. Sínkì afarajìn, ààbò afarajìn: ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò mú ojúbọ wá sí ọkàn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì rán an létí pé ẹni tí ń fi ara jìn a máa tán. Sínkì ara ọkọ̀ kò nípọn. Ó sábà máa ń jẹ́ ìdá 7 sí 10 nínú 1,000 mìlímítà kan ní ojú kọ̀ọ̀kan. Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin aláṣọ-sínkì ṣe bọ́dì ọkọ̀ 911 ní ọdún 1975, Audi sì ṣe é fún gbogbo bọ́dì ọkọ̀ 100 ní ọdún 1985, kí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù tó tẹ̀lé wọn díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀dà méjì tí orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan

Ní Yorùbá, ọ̀dà ni wọ́n ń kùn sára ògiri, ọ̀dà náà ni wọ́n sì ń dà sójú títì. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò sí ewu, ṣùgbọ́n gbólóhùn bí "Ẹ kun abẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀dà" lè mú kí òǹkàwé ṣe ohun tí olùkọ̀wé kò ní lọ́kàn. Ọ̀dà títì tí wọ́n bá kùn sí abẹ́ ọkọ̀ a máa le bí ọdún ti ń gorí ọdún, yóò sán, omi yóò gba ojú ibi tí ó sán wọlé, kò sì ní í rí ọ̀nà jáde mọ́. Irin lè jẹ tán lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ àti ọ̀dà títì ni kí ìwé máa kọ, láì fi ọ̀kan sílẹ̀ fún òǹkàwé láti méfò.

Ìda sàn ju ọ̀dà títì lọ fún inú ihò àti kọ̀rọ̀ bọ́dì. Wọn a máa yọ́ ọ mọ́ epo, wọn a sì fi pọ́ńpù fín in wọ inú ilẹ̀kùn àti inú irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí ó ní ihò nínú. Kì í gan, kì í sán bọ̀rọ̀, ó sì ń ràn wọ ojú ìjópọ̀ páànù. Epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, èyí tí àwọn mìíràn ń fín sí abẹ́ ọkọ̀ nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò yẹ ní ohun tí olùkọ́ ń yìn. Omi àti ásíìdì tí iná ẹ́ńjìnnì mú jáde wà nínú rẹ̀, ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó ń kán sílẹ̀ wọ inú ilẹ̀, ó sì léwu fún awọ ara ẹni tí ń fọwọ́ kàn án lemọ́lemọ́.

Ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe ọ̀dà ojú tí ènìyàn ń rí. Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ri odindi bọ́dì bọ inú agbada ọ̀dà, tí wọ́n sì ń fi iná mànàmáná fa ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ ọn títí dé kọ̀rọ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé. Bọ́dì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ojú ìpàdánù, nítorí náà irin díẹ̀ ń yọ́ wọ inú ọ̀dà náà. Láàrin àwọn ọdún 1970 ni wọ́n yí i padà, tí bọ́dì di ojú ìgbàwọlé, tí irin kò sì yọ́ mọ́. Àǹfààní ọ̀rọ̀ tí ó dúró lórí iṣẹ́ hàn gbangba níbí. Ẹni tí ó ti fi àmì bàtìrì há orúkọ náà sórí kò lè sọ ìtàn yìí kí ó yéni.

Lábẹ́ ọkọ̀

Láti ọdún 1960 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe àyẹ̀wò fún ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé lórí ìpẹtà yẹ ní mímọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn bá lu, ìyẹn nìkan kò ní kí ọkọ̀ kùnà, bí kò bá ti ní etí mímú tí ó lè ṣá ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí irin bá ti jẹ jù láàrin 30 sẹ̀ǹtímítà sí ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó, ìdarí tàbí sípíríǹgì so mọ́, ọkọ̀ náà kùnà. Olùyẹ̀wò a máa fi àtàǹpàkò tẹ irin náà, a sì máa kàn án láti gbọ́ bí ó ṣe ń dún. Irin tuntun tí wọ́n jó mọ́ ọn yíká-yíká nìkan ni wọ́n ń gbà fún àtúnṣe. Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Lancia ra ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Beta padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibi tí irin tí ó gbé ẹ́ńjìnnì dúró so mọ́ ti jẹ.

Ìyàtọ̀ tí ìlànà yìí ṣe ni Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ohun tí ó kan awọ yàtọ̀ sí ohun tí ó dé egungun. Bí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bá gba ìpẹtà awọ àti ìpẹtà egungun sínú ẹ̀kọ́ wọn, "ó ti jẹ" tí panẹ́lì-bítà ń sọ yóò ní ìbéèrè kejì tí yóò máa tẹ̀lé e: ṣé awọ ni, àbí egungun? Ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni oníbàárà níláti gbọ́ kí ó tó dúnàá-dúrà.

Fún ìpẹtà awọ, àwọn tí ń kun ọkọ̀ ní fílà, èyí tí ó gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn kí ó má baà di fìlà tí wọ́n ń dé sórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni iṣẹ́ méjèèjì jọra. Fílà dára fún dídí ojú tí ó rì sínú. Kì í ṣe irin, kò sì lè gbé ẹrù. Ìyẹ̀fun òkúta kan tí ó wà nínú rẹ̀ a máa fa omi mọ́ra, tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fi dí ihò tí ìpẹtà ṣì wà létí rẹ̀, ọ̀rinrin ni wọ́n dì mọ́ irin lára. Ìpẹtà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sáńpépà tàbí ẹ̀rọ ha títí irin yóò fi funfun. Èyí tí ó bá kù nínú ihò wẹ́wẹ́ ni wọ́n lè fi oògùn ayípẹtà-padà sí. Ásíìdì táníìkì ni ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn, ìbátan ohun tí ó wà nínú oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tí ó ń sọ ọ̀bẹ di dúdú. Ó ń sọ ìpẹtà di ohun dúdú kan tí ó le, tí ọ̀dà sì lè lẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìpẹtà tí ó ṣú jọ bí èèpo igi kò ní í gbọ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ egungun ni, kí wọ́n gé e kúrò, kí wọ́n sì jó irin mìíràn sí i. Wẹ́dà tí ń jó irin aláṣọ-sínkì gbọ́dọ̀ ṣe é níta gbangba, nítorí pé èéfín sínkì a máa fa ibà fún ẹni tí ó bá fà á símú, ojú ibi tí ó jó náà kò sì ní sínkì mọ́; ọ̀dà tí sínkì pọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ó fi bò ó lójú ẹsẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn.

Ó ku àwọn ihò kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti lábẹ́ irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Omi òjò tí ó gba etí gíláàsì wọlé níláti jáde, ibẹ̀ ni ó ń gbà. Ewé, ẹrẹ̀ àti yanrìn a máa dí wọn, ilẹ̀kùn a sì di kòtò omi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fi fílà dí wọn fúnra wọn, nítorí pé wọ́n rò pé ìpẹtà ni ó lu ibẹ̀. Ihò ìṣàn-omi ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n. Nínú ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ tí wọ́n bá fi Yorùbá kọ, gbólóhùn tí yóò tẹ̀lé orúkọ náà kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ: "Ilé-iṣẹ́ ni ó dá àwọn ihò yìí lu. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹnu wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì ṣe dí wọn."